Afẹ́fẹ́ Orí Òrùlé Káfíńtà

Ìpè tó wọlé sórí fóònù tábìlì àsọtẹ́lẹ̀ ìjì, lọ́sàn-án, aago mẹ́rin kọjá ìṣẹ́jú mọ́kànlá. Gbogbo ìpè orí fóònù yìí ló ń wọ téèpù. Àbúrò ni obìnrin tó wà nídìí tábìlì náà. Ẹ̀gbọ́n ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin, mẹkáníìkì tó ń tọ́jú àwọn òpó tí wọ́n fi ń wọn afẹ́fẹ́. Ilé bàbá wọn létí òkun ló ti ń pè.

[Fóònù dún lẹ́ẹ̀mẹ́rin. Wọ́n gbé e. Afẹ́fẹ́ ń fẹ́ sẹ́nu fóònù láti òdì kejì.]

ÀBÚRÒ: Ẹ káàsán, tábìlì ìjì nìyí, ta ló ń—

Ẹ̀GBỌ́N: Èmi ni.

ÀBÚRÒ: Bọ̀ọ̀dá! Ẹ káàsán o. Ẹ kú iṣẹ́.

Ẹ̀GBỌ́N: Òo. Àwọn ọmọ ńkọ́?

ÀBÚRÒ: Wọ́n wà lọ́dọ̀ ìyá ọkọ mi, lókè. Ara Bàbá ńkọ́?

Ẹ̀GBỌ́N: Ara Bàbá le. Ó le ju bó ṣe yẹ lọ. Níbo lo kó ìṣó ńlá sí nígbà tí o to ẹrù yàrá ẹ̀yìn?

ÀBÚRÒ: Ìṣó kẹ̀?

Ẹ̀GBỌ́N: Ìṣó! Ìṣó gígùn tí mo fi ń kan pákó mọ́ fèrèsé. Mo ti tú gbogbo àpótí ilé yìí. Ẹni tó bá ń bá èèyàn to ẹrù tí wọn ò bẹ̀ ẹ́—

ÀBÚRÒ: Inú agolo bisikíìtì, lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Bọ̀ọ̀dá, kí lẹ ń fi ìṣó ṣe? Ṣebí ọkọ̀ ti wá kó yín láti aago méjì?

Ẹ̀GBỌ́N: Ọkọ̀ wá.

ÀBÚRÒ: Ẹ̀hẹ́n?

Ẹ̀GBỌ́N: Ọkọ̀ lọ.

ÀBÚRÒ: Pẹ̀lú yín?

Ẹ̀GBỌ́N: Ṣé inú ọkọ̀ lo rò pé mo ti ń wá ìṣó ni?

[Ìlà fóònù ń ta pàràpàrà.]

ÀBÚRÒ: Hello? Bọ̀ọ̀dá, ṣé ẹ gbọ́ mi?

Ẹ̀GBỌ́N: Mo gbọ́. Bàbá rẹ lé awakọ̀ padà! Ó ní kó lọ kó àwọn tí ìjì ń dẹ́rù bà. Ó bọ́ bàtà, ó gbé ẹsẹ̀ méjèèjì lé àga, ó ń jẹ ẹ̀pà. Ilẹ̀ gbogbo kún fún èèpo.

ÀBÚRÒ: Ẹ bá a sọ̀rọ̀!

Ẹ̀GBỌ́N: Kí ni mo ti ń ṣe láti àárọ̀? Orin ni mo ń kọ fún un? Ó ní ọjọ́ tí wọ́n bá tú aago afẹ́fẹ́ kúrò lára ògiri lòun máa jáde nílé yìí.

ÀBÚRÒ: Aago afẹ́fẹ́ tí Màámi kàn?

Ẹ̀GBỌ́N: Òun náà. Sùkúrù mẹ́rin. Ó ní ìyàwó òun ò fi wọ́n síbẹ̀ kí ẹnikẹ́ni lè wá tú wọn. Ojú rẹ̀ ò tiẹ̀ rí abẹ́rẹ́ inú rẹ̀ mọ́, kò mọ̀ bóyá afẹ́fẹ́ wúwo tàbí ó ti fúyẹ́ fún ìjì. Ó kàn ń fi ìka kàn án láràárọ̀ ni, kó-kó-kó, bí ẹni ń kanlẹ̀kùn. Rédíò ló ń gbà gbọ́.

ÀBÚRÒ: Ọkọ̀ mìíràn ńkọ́?

Ẹ̀GBỌ́N: Ó ku ẹyọ kan. Aago márùn-ún ààbọ̀. Lẹ́yìn ìyẹn wọ́n á ti ọ̀nà etí òkun pa. Jẹ́ kí n parí ọ̀rọ̀ mi. Ṣé o mọ ohun tí Bàbá sọ? Ó nàka sí rédíò. Ó ní, “Ìjì ìpele kìíní. Ọmọ mi ló kọ ọ́. Ọmọ mi ní kí ẹni tó bá wà nílé bíríkì jókòó sílé rẹ̀.” Ọmọ òun! Èmi tí mo dúró síwájú rẹ̀, àlejò ni mí.

ÀBÚRÒ: Bọ̀ọ̀dá—

Ẹ̀GBỌ́N: Torí náà mo ń bi ọ́, Akọ̀wé Ìjì. Ṣé ìwọ lo kọ ọ́?

ÀBÚRÒ: Ìpè yìí ń wọ téèpù o.

Ẹ̀GBỌ́N: Kó wọ ibi tó bá wù ú! Ìwọ lo kọ ọ́ àbí ìwọ kọ́?

ÀBÚRÒ: Ìbuwọ́lù mi ló wà níbẹ̀.

Ẹ̀GBỌ́N: Ó dáa. Mo dúró lójú fèrèsé. Ìgbì ti gun àmì pupa tí mo fi ọ̀dà kùn sẹ́sẹ̀ òpó mi lórí èbúté. Kò gun ibẹ̀ rí àfi tí ìjì bá ti dé tán. Wákàtí mélòó ni ìjì yìí ṣì máa fi rìn?

ÀBÚRÒ: Mẹ́fà.

Ẹ̀GBỌ́N: Ó ku wákàtí mẹ́fà, ó sì ti ń ṣe báyìí! Ìpele kìíní wo nìyẹn?

ÀBÚRÒ: Kì í ṣe ìpele kìíní.

Ẹ̀GBỌ́N: Kí lo wí? Ìlà ń—

ÀBÚRÒ: Mo ní kì í ṣe ìpele kìíní! Ìpele kẹta ni. Ó lè di ìkẹrin kó tó kanlẹ̀. Kí ló dé tí ẹ rò pé mo fi ránṣẹ́ sí yín láàárọ̀ pé kí ẹ bá ọkọ̀ aago méjì lọ?

Ẹ̀GBỌ́N: [ohùn rẹ̀ lọlẹ̀] O mọ̀.

ÀBÚRÒ: Bọ̀ọ̀dá, ẹ jẹ́ kí n—

Ẹ̀GBỌ́N: O mọ̀ láti àárọ̀. O ní kí àwa lọ. O wá ní kí àwọn ará àdúgbò jókòó.

ÀBÚRÒ: Kì í ṣe bẹ́ẹ̀—

Ẹ̀GBỌ́N: Báwo wá ló ṣe jẹ́? Ìyá aránṣọ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa ti di ẹrù tán lórí kẹ̀kẹ́. Ó gbọ́ rédíò. Ó tú ẹrù rẹ̀ padà. Mò ń gbọ́ ìró ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ báyìí, gẹ̀rẹ̀-gẹ̀rẹ̀-gẹ̀rẹ̀. Ó ń ránṣọ, torí ìwọ! O yọ tìrẹ sọ́tọ̀, o fi ti ẹlòmíràn sílẹ̀ fún omi. Ta ló kọ́ ọ nírú ìyẹn?

ÀBÚRÒ: Mo bá wọn jà! Ṣé ẹ gbọ́ mi? Mo bá wọn jà títí ohùn mi fi há! Ẹ̀ẹ̀mọ́kànlá ni mo ṣe ìṣirò ìjì yẹn lórí kọ̀ǹpútà. Nọ́ńbà kan ló ń bà á jẹ́. Ẹyọ kan ṣoṣo.

Ẹ̀GBỌ́N: Nọ́ńbà. Èmi ń sọ èèyàn, ó ń sọ nọ́ńbà.

ÀBÚRÒ: Ẹ rántí garawa?

Ẹ̀GBỌ́N: Garawa wo?

ÀBÚRÒ: Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi! Mo wà ní pírámárì. Ẹ ní kí n fi igi ro omi nínú garawa, kí n yọ igi, kí n máa wò ó. Omi ń yí, ó ń yí. Ẹ wá da òkúta wẹ́wẹ́ sísàlẹ̀, ẹ ní kí n tún un ṣe.

Ẹ̀GBỌ́N: Omi gbọ̀n jìgìjìgì, ó dúró.

ÀBÚRÒ: Kí ló dá a dúró?

Ẹ̀GBỌ́N: Òkúta ń fọ́ yíyí ńlá sí wẹ́wẹ́. Àwọn wẹ́wẹ́ a máa jẹ agbára ńlá tán. Gbogbo ayé ló mọ̀ ọ́n.

ÀBÚRÒ: Gbogbo ayé kọ́. Ẹ̀yin lẹ mọ̀ ọ́n. Rúkèrúdò inú afẹ́fẹ́ nìyẹn. Nọ́ńbà tí mo ń wí ló ń sọ fún kọ̀ǹpútà bí òkúta ṣe pọ̀ tó lábẹ́ ìjì. Ọgọ́rùn-ún ni wọ́n kọ síbẹ̀. Ó pọ̀ jù! Inú kọ̀ǹpútà wa, gbogbo ìjì ló ń jẹ ara rẹ̀ run lójú ọ̀nà. Ó ń dé ọ̀dọ̀ yín bí arúgbó tó gun àtẹ̀gùn. Orí òkun gidi ń yọ̀, kò sí òkúta níbẹ̀!

Ẹ̀GBỌ́N: Mélòó ló yẹ kó jẹ́?

ÀBÚRÒ: Ìdajì. Mo fi àádọ́ta sí i lẹ́ẹ̀kọkànlá, ìjì yẹn gbéra bí ẹni tí wọ́n fi abẹ́rẹ́ gún.

Ẹ̀GBỌ́N: Fi àádọ́ta sí i nígbà náà! Ṣé ọwọ́ ń ro ọ́ ni?

ÀBÚRÒ: Ọ̀gá ò gbà! Wọ́n ní ta ni mí. Wọ́n ní ọgọ́rùn-ún kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu, wọ́n wọ̀n ọ́n ni, lórí omi, ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, fún odindi oṣù mẹ́ta. Òpó orí èbúté.

Ẹ̀GBỌ́N: Òpó mi.

ÀBÚRÒ: Òpó yín.

Ẹ̀GBỌ́N: Ẹ̀n-ẹ́n! Ìwọ gbọ́ o. Òpó mi kì í parọ́. Èmi tí mi ò gba ẹnu ọ̀nà yunifásítì kọjá rí, mo ka ìwé ẹ̀rọ yẹn títí tó fi ya, mo fi ọwọ́ ara mi gbé òpó yẹn dúró láàárín omi iyọ̀. Bí nọ́ńbà bá ti ibẹ̀ wá, ó pé. Ẹ lọ wá àrùn kọ̀ǹpútà yín síbòmíràn!

ÀBÚRÒ: Ohun tí Ọ̀gá sọ gan-an nìyẹn! Ọ̀rọ̀ kan náà! Wọ́n ní, “Ẹ̀gbọ́n rẹ ló wọ̀n ọ́n. Ṣé o fẹ́ pe ẹ̀gbọ́n rẹ lópùrọ́ lójú gbogbo wa?” Kí ni kí n sọ? Mo buwọ́ lù ú. Ẹ gbọ́ mi dáadáa, torí yín ni mo ṣe buwọ́ lù ú!

Ẹ̀GBỌ́N: Má fi kọ́ mi lọ́rùn o. Má dán an wò.

ÀBÚRÒ: Ọrùn yín ló ti wà láti ọjọ́ yìí!

Ẹ̀GBỌ́N: Oṣù mẹ́ta wo ni wọ́n mú?

ÀBÚRÒ: Ọdún tí ìjì méjì tẹ̀ léra. Ọdún kẹjọ rèé. Oṣù kẹjọ sí ìkẹwàá.

[Ìró ìgbì. Ìró ẹ̀rọ ìránṣọ lọ́nà jíjìn.]

ÀBÚRÒ: Bọ̀ọ̀dá?

[Ìgbì.]

ÀBÚRÒ: Bọ̀ọ̀dá, ṣé ẹ gbọ́ mi? Nẹ́tíwọ́ọ̀kì rádaràda yìí—

Ẹ̀GBỌ́N: Nẹ́tíwọ́ọ̀kì kọ́.

ÀBÚRÒ: Kí wá ni?

Ẹ̀GBỌ́N: Ta ló ní kí wọ́n mú oṣù yẹn? Nínú gbogbo oṣù ayé yìí! Mo ní ọdún mọ́kànlá nínú fáìlì yẹn!

ÀBÚRÒ: Torí ìjì wà nínú rẹ̀ ni! Oṣù mìíràn, ẹ̀fúùfù lásán ló wà níbẹ̀. Kí ló ṣe oṣù yẹn?

Ẹ̀GBỌ́N: Kò ṣe nǹkan kan.

ÀBÚRÒ: Bọ̀ọ̀dá.

Ẹ̀GBỌ́N: Mo ní kò—

ÀBÚRÒ: Bọ̀ọ̀dá! Ọkọ̀ ìkẹyìn ń lọ láago márùn-ún ààbọ̀!

[Ó mí kanlẹ̀.]

Ẹ̀GBỌ́N: Ìparí oṣù keje ọdún yẹn, ọkọ̀ ojú omi tó ń kó yanrìn gbá èbúté lẹ́sẹ̀. Òpó mi wó sómi.

ÀBÚRÒ: Ó ṣe kí ni?

Ẹ̀GBỌ́N: Ó wó. Mo wẹ̀ lọ yọ ẹ̀rọ orí rẹ̀. Ẹ̀rọ yẹn yè! Mo fi omi tí kò níyọ̀ ṣan án lẹ́ẹ̀meje, mo fi aṣọ gbígbẹ nù ún, mo dán an wò, ó ń kà bí ìgbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ ọ́ nínú páálí. Ìwọ náà wò ó, kí ni kí n fi irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ṣe? Kí n gbé e sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì?

ÀBÚRÒ: Níbo lẹ gbé e sí?

Ẹ̀GBỌ́N: Wọn ò tún èbúté ṣe títí di oṣù kọkànlá.

ÀBÚRÒ: Mo ní níbo lẹ gbé e sí!

Ẹ̀GBỌ́N: Orí òrùlé káfíńtà.

ÀBÚRÒ: Káfíńtà ẹ̀yìn ilé ẹ̀kọ́.

Ẹ̀GBỌ́N: Òun.

ÀBÚRÒ: Láàárín igi. Láàárín páànù àti ilé àti pákó tó ga ju èèyàn lọ.

Ẹ̀GBỌ́N: Ọ̀rẹ́ mi ni. Ó yá mi ní àkàbà.

ÀBÚRÒ: Òkúta! Òkúta lásán! Ẹ gbé ẹ̀rọ sínú garawa tó kún fún òkúta, ẹ wá kọ “èbúté” sára rẹ̀!

Ẹ̀GBỌ́N: Mi ò kọ nǹkan kan! Fáìlì ń kọ orúkọ ibùdó fúnra rẹ̀. Mi ò kàn yí i padà ni.

ÀBÚRÒ: Kí ló dé?

Ẹ̀GBỌ́N: Torí òfo! Nígbà yẹn, tí ibùdó kan bá ti ní òfo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta nínú ìwé, wọ́n á tì í pa. Èmi ni wọ́n á kọ́kọ́ lé, ẹni tí kò ní sátífíkéètì. Mo kàn fẹ́ kí ìlà yẹn má já. Mo rò pé wọ́n á wò ó, wọ́n á rí i pé kò jọra, wọ́n á jù ú nù. Ta ló mọ̀ pé ìyẹn gan-an lẹ máa gbé gẹ̀gẹ̀?

ÀBÚRÒ: Ọdún mẹ́jọ! Afẹ́fẹ́ orí òrùlé káfíńtà la fi ń wọn òkun fún ọdún mẹ́jọ! Gbogbo ìjì tí a ní kò ní le tó sì le, gbogbo àpilẹ̀kọ, ìwé oyè tèmi, orí kẹrin rẹ̀ pátá! Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ yín lójú ewé àkọ́kọ́! Mo kọ ọ́ síbẹ̀ pé òótọ́ lẹ fi tọ́ mi!

Ẹ̀GBỌ́N: Jẹ́ kí n—

ÀBÚRÒ: Ẹ̀yin lẹ wá ń bi mí pé ta ló kọ́ mi! Ẹ̀yin!

Ẹ̀GBỌ́N: Ẹni tó da eérú leérú ń tọ̀. Mo gbọ́. Bú mi tó bó ṣe wù ọ́ lọ́la. Mo kọ ọ́ sílẹ̀ ṣá o.

ÀBÚRÒ: Kọ kí ni sílẹ̀?

Ẹ̀GBỌ́N: Ọjọ́ tí mo gbé e lọ, ọjọ́ tí mo gbé e bọ̀. Ìwé aláwọ̀ búlúù. Mi ò lè fọwọ́ kan ẹ̀rọ kí n má kọ ọ́, o mọ̀ mí.

ÀBÚRÒ: Níbo ló wà?

Ẹ̀GBỌ́N: Inú dúrọ́ọ̀ Bàbá. Níbí.

ÀBÚRÒ: Ẹ lọ mú un wá! Kí lẹ ń dúró ṣe?

[Ìró ẹsẹ̀. Dúrọ́ọ̀ ń há. Ohùn àgbàlagbà láti òkèèrè: “Ta ló ń tú dúrọ́ọ̀ mi?” “Èmi ni, Bàbá!” “Tó o bá tú u, tò ó padà o!” Ní ọ́fíìsì, ilẹ̀kùn ṣí.]

Ọ̀GÁ: Ìwọ obìnrin yìí, ariwo rẹ dé kọ́rídọ̀. Ìkéde aago márùn-ún ńkọ́? Ta lo ń bá jà?

ÀBÚRÒ: Ẹ jókòó, sà.

Ọ̀GÁ: Mi ò jókòó.

ÀBÚRÒ: Ẹ dúró nígbà náà, ṣùgbọ́n ẹ gbọ́. Mo ti gbé e sórí sípíkà. Bọ̀ọ̀dá?

Ẹ̀GBỌ́N: Mo ti rí i. Ewé kẹtàdínlógójì.

ÀBÚRÒ: Ọ̀gá wa wà níbí. Ẹ kà á.

Ẹ̀GBỌ́N: Wọ́n wà níbẹ̀?

ÀBÚRÒ: Ẹ kà á!

Ẹ̀GBỌ́N: [ó ń kà á] “Ọjọ́ kẹta, oṣù kẹjọ. Gbé ẹ̀rọ sórí òrùlé káfíńtà. Ìdè mẹ́fà. Òjò díẹ̀.” Ewé tó tẹ̀ lé e. “Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù kọkànlá. Gbé ẹ̀rọ padà sí èbúté. Òpó tuntun. Ìdè kan ti dógùn-ún, mo pààrọ̀ rẹ̀.”

Ọ̀GÁ: Kí lo ń sọ fún mi?

Ẹ̀GBỌ́N: Pé nọ́ńbà tí ẹ ń fi yangàn, sà, kì í ṣe ti òkun.

Ọ̀GÁ: Lónìí? Ọdún mẹ́jọ, ìjì wà lẹ́nu ọ̀nà, lónìí lo wá rántí? Ìjì wo ló jí ọ?

Ẹ̀GBỌ́N: Mi ò mọ̀ pé òun lẹ lò.

Ọ̀GÁ: Ohun tí mo sọ fún wọn nìyẹn lọ́jọ́ tí wọ́n gbà ọ́. Mo ní ẹ má fi iṣẹ́ ìwé lé ẹni tí kò kàwé lọ́wọ́. Wọ́n ní ọwọ́ rẹ̀ dáa. Ọwọ́ rẹ̀ dáa!

ÀBÚRÒ: Sà, ẹ̀yin tí ẹ kàwé, ọdún mẹ́jọ lẹ fi ń wo nọ́ńbà yẹn. Ṣé ẹ bi í léèrè lẹ́ẹ̀kan?

Ọ̀GÁ: Ìwọ náà ńkọ́?

ÀBÚRÒ: Èmi náà ò bi í. Gbogbo wa la jọ sùn.

Ọ̀GÁ: Ìwé lásán ni. Ó lè ti kọ ọ́ lánàá. Àbúrò fẹ́ borí àríyànjiyàn, ẹ̀gbọ́n bá a wá ìwé.

Ẹ̀GBỌ́N: [ó pariwo] Kí n ba ara mi jẹ́ kí àbúrò mi lè borí? Ṣé orí yín pé?

Ọ̀GÁ: O mọ̀ pé téèpù ń yí? Bí o bá fi ẹnu ara rẹ sọ ọ́ síbẹ̀, láti ọ̀la, òpó kankan ò ní sí lábẹ́ àbójútó rẹ mọ́.

Ẹ̀GBỌ́N: Sà, bí mi ò bá sọ ọ́, láti ọ̀la, èbúté gan-an ò ní sí. Ẹ jẹ́ kó yí. Èmi mẹkáníìkì òpó afẹ́fẹ́ ibùdó èbúté ń sọ ọ́: àkọsílẹ̀ oṣù kẹjọ sí ìkẹwàá ọdún yẹn, orí òrùlé ló ti wá, kì í ṣe orí omi. Èmi ni mo gbé e síbẹ̀. Èmi ni mi ò sọ. Ẹnikẹ́ni ò bá mi mọ̀ nípa rẹ̀, pàápàá àbúrò mi. Ṣé ó tó, àbí kí n tún un sọ?

[Ìlà ń ta pàràpàrà.]

ÀBÚRÒ: Bọ̀ọ̀dá, ṣé ẹ gbọ́ mi? Ẹ lọ wo aago afẹ́fẹ́ Bàbá. Mélòó ló ń kà?

Ẹ̀GBỌ́N: Dúró. [ìró ìka lára gíláàsì, kó-kó-kó] 998.

ÀBÚRÒ: Sà, ìṣirò tí a fi ránṣẹ́ sí rédíò ní 1004 ló yẹ kó wà níbẹ̀ ní wákàtí yìí. Afẹ́fẹ́ ti fúyẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ìjì yẹn ti le.

Ọ̀GÁ: Aago ara ògiri! Aago àtijọ́! Ta ló ń tún un ṣe?

Ẹ̀GBỌ́N: Èmi ni.

Ọ̀GÁ: Ẹ̀hẹ́n! Ọ̀rọ̀ rẹ náà la tún fẹ́ gbé ìlú lé?

ÀBÚRÒ: Ẹ má gbà á gbọ́, sà. Èmi gan-an ò fẹ́ gbà á gbọ́ mọ́. Ẹ gbé kọ́ọ̀pù tíì yín sókè.

Ọ̀GÁ: Kọ́ọ̀pù?

ÀBÚRÒ: Kọ́ọ̀pù ọwọ́ ọ̀tún yín. Bébà tó wà lábẹ́ rẹ̀, ìṣirò ìkọkànlá ni, tèmi, èyí tí mo fi àádọ́ta sí. Aago mẹ́sàn-án àárọ̀ ni mo gbé e fún yín. Ẹ̀yin lẹ wá gbé tíì lé e. Ẹ wo ìlà aago mẹ́rin ààbọ̀, fún agbègbè ilé Bàbá.

[Ìró kọ́ọ̀pù. Bébà ń lẹ̀ mọ́ tábìlì, ó ń ya.]

Ọ̀GÁ: 998.

ÀBÚRÒ: Mi ò gbọ́, sà.

Ọ̀GÁ: Mo ní 998! Ní kó tún aago yẹn wò.

Ẹ̀GBỌ́N: [kó-kó-kó] 997. Ó ń já bọ́ lójú mi.

Ọ̀GÁ: [ó ń rìn lọ] Ẹ kọ ọ́. Ìpele kẹta, kí gbogbo etí òkun kúrò kíá. Èmi á buwọ́ lù ú. Ẹ pe rédíò, ẹ má dúró de aago márùn-ún. Ẹ pe àwọn awakọ̀ náà, kí wọ́n padà lọ! [ilẹ̀kùn gbá]

Ẹ̀GBỌ́N: Ó lọ?

ÀBÚRÒ: Ó sáré. Mi ò rí i kó sáré rí. Bọ̀ọ̀dá, ẹ pe ìyá aránṣọ.

Ẹ̀GBỌ́N: [ó pariwo síta] Ìyá aránṣọ! Ìyá! Ẹ pa ẹ̀rọ yẹn! Ẹ di ẹrù yín padà! Àṣìṣe ni! Àṣìṣe mi ni!

[Ẹ̀rọ ìránṣọ dákẹ́.]

ÀBÚRÒ: Tí ẹ bá dókè láyọ̀, mi ò ní bá yín sọ̀rọ̀ fún odindi oṣù kan.

Ẹ̀GBỌ́N: Oṣù kan kéré. Bá Bàbá sọ̀rọ̀ ná. Kò ní gbọ́ tèmi. Bátìrì mi ti fẹ́ kú. Bàbá! Ẹ gba fóònù. Ọmọ yín ni. Ọmọ yín gidi.

[Èèpo ẹ̀pà ń dún lábẹ́ ẹsẹ̀.]

BÀBÁ: Hẹ̀lóò.

ÀBÚRÒ: Ẹ káàsán, sà. Bàbá, ẹ dìde. Ẹ wọ bàtà yín.

BÀBÁ: Mo ti ń gbọ́ ariwo yín láti ẹ̀ẹ̀kan. Rédíò ní kí n jókòó.

ÀBÚRÒ: Rédíò ṣì í sọ.

BÀBÁ: Ìwọ lo kọ ohun tí rédíò sọ.

ÀBÚRÒ: Èmi ni, sà.

BÀBÁ: Ìwọ náà lo tún ń sọ èyí.

ÀBÚRÒ: Èmi náà ni.

BÀBÁ: Ọmọ méjì wá ni mo bí síbẹ̀. Èwo ni kí n gbà gbọ́?

[Ìlà ń ta pàràpàrà.]

ÀBÚRÒ: Èyí tí ojú ń tì.

[Ìgbì. Ohun kan wó lulẹ̀ níta.]

BÀBÁ: Ẹ̀gbọ́n rẹ ńkọ́? Ṣé ojú ń ti òun náà?

ÀBÚRÒ: Ó yẹ kó tì í jù mí lọ.

BÀBÁ: Hùn. [ó wúkọ́ díẹ̀] Agòkè!

Ẹ̀GBỌ́N: [láti òkèèrè] Sà!

BÀBÁ: Pa ìṣó tì. Mú sùkúrùdíráfà wá.

ÀBÚRÒ: Bàbá, kí lẹ fẹ́ fi— Bàbá, bàtà yín! Hello? Ṣé ẹ gbọ́ mi?

[Ìró irin lára ògiri. Sùkúrù kan jábọ́ sílẹ̀.]

ÀBÚRÒ: Ṣé ẹ gbọ́ mi?

[Ìkejì. Ìkẹta.]

ÀBÚRÒ: Bàbá?

[Ìpè já.]